Ẹni Tó Ti Ń Dúró Tipẹ́

Ọjọ́ tí bàbá arúgbó kan bínú sí mi nítorí pé mo bọ̀wọ̀ fún un ni mo tó mọ̀ pé lóòótọ́ ni mo ti kúrò nílé. Ọ̀sẹ̀ kejì mi nílẹ̀ Jámánì ni. Mo tò sí ìlà nílé búrẹ́dì, èmi ló kàn, bàbá náà sì wà lẹ́yìn mi pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Irun orí wọn funfun báláú. Ta ló bí mi tí màá dúró síwájú ẹni tó ju bàbá mi lọ? Mo yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo fọwọ́ ṣe é pé kí wọ́n máa kọjá.

Bàbá wò mí látòkè délẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ kan, ohùn wọn le. N ò tíì gbọ́ èdè wọn nígbà náà, àmọ́ ọmọbìnrin tó ń ta búrẹ́dì túmọ̀ rẹ̀ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì, ojú ń tì í: "Wọ́n ní àwọn ṣì lè dúró lórí ẹsẹ̀ àwọn. Wọ́n ní ìwọ lo kọ́kọ́ dé, kí o gba tìẹ."

Háà! Mo gba búrẹ́dì mi, mo sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Títí mo fi délé ni mò ń bá ara mi jà lójú ọ̀nà. Mo ní, irú ìlú wo nìyí, tí ènìyàn ń ṣe dáadáa tí wọ́n ń fi ojú burúkú wò ó? Mo jẹ búrẹ́dì náà pẹ̀lú ìbínú, kò sì dùn. Ohun tí n ò mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ìlà yẹn á tún tẹ̀lé mi dé ibi iṣẹ́, pé díẹ̀ ló kù kó gba oúnjẹ lẹ́nu èmi àti ọmọ mi.

Ọmọ Ọ̀kà Àkókó ni mí. Bí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, àpáta lẹ máa kọ́kọ́ rí kí ẹ tó rí ojú ọ̀run. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí bàbá mi fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkàrẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìyá mi ń ra iṣu lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Etíòro, wọ́n ń tà á lọ́jà Ìkàrẹ́. Èmi kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà, mo ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní Àkúrẹ́, mo lọ́kọ, ọkọ lọ. N ò ní fi ọ̀rọ̀ ìyẹn ba tèmi jẹ́. Ohun rere kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ ni Mọ́yọ̀sọ́rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Mọ́yọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí mò ń lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń lọ, Mọ́yọ̀ dúró ti báàgì mi, ó ní, "Ṣé ẹ máa pẹ́, mà?"

Mo ní, "N ò ní pẹ́."

"Títí dìgbà wo?"

Ẹ mọ bí ìyá ṣe máa ń ṣe tí kò bá mọ ohun tó máa sọ. Mo wo ẹnu rẹ̀, mo rí àwọn eyín wẹ́wẹ́ yẹn, gbogbo wọn pé. Mo ní, "Kí eyín iwájú rẹ tó yọ, màá ti ránṣẹ́ wá mú ọ." Ó fọwọ́ kan eyín náà bóyá ó ń mì. Kò mì. Ló bá rẹ́rìn-ín, ó jẹ́ kí n lọ.

Àdéhùn èmi àti ilé iṣẹ́ tó gbà mí kò lọ́jú pọ̀. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n máa fi dán mi wò. Tí mo bá yege, wọ́n á gbà mí pátápátá, mo sì lè kọ̀wé pé kí Mọ́yọ̀ wá bá mi. Tí n ò bá yege, ìwé ìgbélùú mi ti parí nìyẹn, màá sì gbé báàgì tí mo gbé wá. Ilé ò burú o, ilé lilé ń jẹ́. Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe kò sí lórí òkúta Ọ̀kà, èmi nìkan ni Mọ́yọ̀ sì ní tó máa sanwó ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ iṣẹ́ náà bí mo ṣe sọ ọ́ fún ìyá mi. Ilé iṣẹ́ wàrà kan wà nítòsí wa tó ní prógíráàmù àtijọ́ kan. Òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ ìgbà tó yẹ kó se wàrà, ìgbà tó yẹ kó tutù, ìgbà tó yẹ kó rọ ọ́ sínú ìgò. Ẹni tó kọ ọ́ ti kú, ìwé tó fi kọ ọ́ ti sọnù, wọn ò sì ṣe irú kọ̀ǹpútà tó ń gbé e mọ́. Ọ̀kan ṣoṣo tó kù ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. A ní kọ̀ǹpútà tuntun. Ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni nǹkan kan wà tí à ń pè ní kánẹ́lì, òun ni olórí ilé, kò sí prógíráàmù tó lè fọwọ́ kan nǹkan kan láìtọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kánẹ́lì tuntun ò gbọ́ èdè prógíráàmù àtijọ́. Iṣẹ́ wa ni pé kí kánẹ́lì tuntun máa dá a lóhùn gẹ́lẹ́ bí olórí ilé rẹ̀ àtijọ́ ṣe máa ń dá a lóhùn, kí prógíráàmù náà má tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti kó kúrò nílé.

Ìyá mi ní, "Ẹ̀ ń tàn án nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. À ń tàn án."

"Kí Ọlọ́run dárí jì yín o."

Apá tó kàn mí nínú iṣẹ́ náà ni ìlà mẹ́sẹ́ẹ̀jì, ìyẹn ibi tí wọ́n ń to ọ̀rọ̀ sí. Àwọn prógíráàmù ilé wàrà yẹn kò kéré, wọn kì í sì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú. Èyí tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ á gbé e sínú ìlà, á bá tiẹ̀ lọ. Èyí tó ń wá ọ̀rọ̀ á wá gbé e níbẹ̀. Tí kò bá bá nǹkan kan, á sùn síbẹ̀ títí kánẹ́lì á fi jí i pé ó yá, tìẹ ti dé.

Kò ṣàjèjì sí mi rárá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, kí fóònù tó kárí, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan wà lẹ́bàá ọ̀nà lọ́dọ̀ wa tí gbogbo àdúgbò ń fi ọ̀rọ̀ sí. Awakọ̀ tó ń ti Ìkàrẹ́ bọ̀ á dúró, á pariwo láti ojú fèrèsé pé, "Wọ́n ń wá ẹnì kan tó máa bá wọn já iṣu lọ́jà o!" Àwọn tó ń wá iṣẹ́ òòjọ́ á ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì télọ̀, wọ́n ń dúró. Télọ̀ á wo ojú wọn, á sì pe ẹni tó dàgbà jù. Ẹnikẹ́ni kì í bínú. Nílé wa náà, ẹran o, omi ìwẹ̀ o, àga o, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú.

Ìwé àlàyé ẹ̀rọ àtijọ́ náà wà lórí tábìlì mi, etí rẹ̀ ti gbó. Ó sọ gbogbo nǹkan, àfi ẹyọ kan: tí prógíráàmù mẹ́fà bá jọ sùn síbi ìlà kan náà, tí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan bá dé, èwo ni kí a jí? N ò ronú lé e tó ìṣẹ́jú kan. Mo kọ ọ́ pé kó jí èyí tó dàgbà jù, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tàn láàárọ̀. Mo fi pamọ́, mo dìde, mo lọ jẹun ọ̀sán mi. Ọkàn mi balẹ̀ bí ẹni tó gbálẹ̀ ilé bàbá rẹ̀.

Ọ̀gá mi ń jẹ́ Íńgírìdì. Wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún, wọ́n tín-ínrín, ojú wọn mú bí abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kìíní wọ́n ní kí n máa pe àwọn lórúkọ. Ẹnu mi ò gbà á. Mo gbìyànjú, ahọ́n mi dì. Ni mo bá ń pè wọ́n ní "Mà". Wọ́n ní kí ni "Mà" túmọ̀ sí, mo ṣàlàyé. Kò pé oṣù kan, gbogbo ọ́fíìsì ti ń pè wọ́n ní Mà, títí kan ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń tún ẹ̀rọ kọfí ṣe. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n ní ó pẹ́ tí nǹkan ti dùn mọ́ àwọn báyẹn.

Mo ń sọ àwọn tó dùn o. Àwọn tó korò wà ńbẹ̀. Oṣù kejìlá, tí oòrùn ń wọ̀ kí ènìyàn tó jẹun ọ̀sán tán, mo máa ń dé sí yàrá mi tí màá kí ara mi káàbọ̀ sókè kí n lè gbọ́ Yorùbá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹnu tí kò bá sọ èdè ìyá rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà ń wúwo. Ní Sátidé kan mo wọkọ̀ ojú irin lọ ra iṣu ní ìlú ńlá, mo sè é, mo gún un nínú ìkòkò pẹ̀lú igi tí wọ́n fi ń na ìyẹ̀fun. Obìnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ yàrá mi sáré gòkè wá kanlẹ̀kùn, ó rò pé mo ti ṣubú ni. Mo fi í jókòó, mo bu iyán fún un pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ó jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti gbọ́ kùù-kùù lókè, á gòkè wá pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Ọmọ Ọ̀kà ni mí, mi ò lè jẹ iyán lémi nìkan.

Mo máa ń wo kánẹ́lì yẹn, mo máa ń rò ó. Kò di ẹ̀rọ àtijọ́. Ó kàn mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn níbòmíì ni, ìdáhùn yẹn ló kọ́. Èmi náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn níbí: mo ń dé lásìkò, mò ń wo ènìyàn lójú tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, mo lè sọ pé "rárá" fún àgbà láìgbọ̀n. Ṣé mo ti di ará ibẹ̀ ni? Rárá o. Mo kàn ń dá wọn lóhùn ni. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn mi kò tíì kúrò ní Ọ̀kà, n ò sì mọ̀ pé ó ti yọ́ jáde sínú iṣẹ́ mi.

Ọjọ́ Ìsinmi ni ọjọ́ ìpè. Tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí wọ́n jẹun tán, Bàbá á gbé fóònù wọn lọ sórí òkúta ẹ̀yìn ilé, nítorí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró. Gbogbo ilé á tẹ̀lé wọn. Ìyá Òkè, ẹ̀gbọ́n Bàbá, ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, etí wọn kò mú mọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta là ń sọ ohun kan. Lẹ́yìn náà Bàbá á gbà á, wọ́n á kí mi, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á béèrè bóyá mo ń múra sí iṣẹ́. Ó kan Màmá. Ó kan ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ó kan ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo wọn ló kan Mọ́yọ̀.

Bátìrì fóònù yẹn ti wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Mo ní kí n ra tuntun ránṣẹ́, Bàbá ní èyí ṣì ń gbọ́ràn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ra kékeré kan fún Mọ́yọ̀, Bàbá ní ọmọ ọdún méje tó ní fóònù, kí ló fẹ́ fi ṣe? Ẹ sì mọ̀ pé tí Bàbá bá ti fi ìbéèrè dáhùn, ọ̀rọ̀ ti parí. Nítorí náà, ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu ọmọ mi ni "Ẹ kú ọ̀sán, mà," a ó sì já. Lọ́sẹ̀ míì, "Ẹ kú" nìkan ni. Mo máa ń sọ fún ara mi pé kò burú, mo sáà gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí oṣù mẹ́fà mi pé nígbà tí a gbé iṣẹ́ wa lọ sílé wàrà. Ọ̀gá mi dúró lápá ọ̀tún mi, ọ̀gá àwọn oníwàrà dúró lápá òsì, a tan ẹ̀rọ. Ó ń ṣiṣẹ́! Ìgò ń lọ, wàrà ń dà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Nígbà tó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, agogo ìkìlọ̀ han, gbogbo nǹkan kú fin-ín. A tún un tàn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó tún kú. Ẹ̀ẹ̀kẹta, bákan náà. Ohun tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ fún wa kò ju gbólóhùn kan lọ: prógíráàmù kẹfà ló pa gbogbo rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà, ọ̀gá mi ló wakọ̀. Wọ́n wá ní, "Apá tìẹ ló kù tí a ò tíì lóye. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù nínú àsìkò tí àwọn oníwàrà fún wa. Ó sì kù bẹ́ẹ̀ fún ìwọ náà. N ò fẹ́ parọ́ fún ọ."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi tú prógíráàmù kẹfà yẹn wò bí ẹni tó ń tú ìfun adìyẹ. N ò rí nǹkan. Ẹ̀bi wà níbòmíì, ẹni tí nǹkan ń ṣe ni mò ń lù. Mo ti ń wo báàgì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Ìyá Òkè sọ̀rọ̀, Bàbá gbàdúrà, ó kan Màmá. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n tètè gbọ́ ohùn Mọ́yọ̀ lónìí, mà. Mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Màmá ní, "Mọ́yọ̀ ò sí lórí òkúta."

"Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"

"Ara rẹ̀ le koko. Ó ní òun ò wá mọ́. Ó ní kó tó kan òun, fóònù á ti kú, pé kí n jẹ́ kí òun lọ fọ aṣọ sùkúù òun."

Mo gbọ́ ohùn Bàbá lẹ́yìn wọn: "Má dá ọmọdé lóhùn, inú rẹ̀ á rọ̀." Lẹ́yìn náà, bátìrì kú.

Mo kọ́kọ́ bínú sí gbogbo wọn, mo bú bátìrì, mo bú òkúta. Lẹ́yìn náà ni mo sunkún, ẹkún gidi, èyí tí imú ń ṣe omi. Ọmọ mi ò bínú. Ì bá bínú, ǹ bá ṣìpẹ̀. Ńṣe ló jókòó dúró, ó dúró, ó dúró, wọn ò pè é, ó wá gbà pé kò sí nǹkan kan fún òun níbẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn tiẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo wà nínú bọ́ọ̀sì, mo ń rò ó lọ rò ó bọ̀. Ó dúró, wọn ò pè é, ó ti ilẹ̀kùn. Ó dúró, wọn ò pè é. Mo pariwo "Yéè!" tí gbogbo bọ́ọ̀sì fi yíjú. Kẹfà! Kẹfà ló kéré jù nínú wọn! Mo sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibi tí mò ń lọ, mo sáré dé ọ́fíìsì.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ti ṣe. Prógíráàmù mẹ́fà ń dúró níbi ìlà. Ọ̀rọ̀ dé, kánẹ́lì mi jí àgbà pátápátá. Àgbà ṣiṣẹ́ tán kíá, ó padà wá dúró, ọ̀rọ̀ míì dé, òun náà ni kánẹ́lì tún jí, nítorí òun ṣì ni àgbà. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá dí, ó kan ìkejì, ìkẹta. Kò kan kẹfà rí. Ẹni tó kọ prógíráàmù náà sì ti ṣe é pé, tí èyíkéyìí nínú wọn bá dúró ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan, kó gbà pé ilé iṣẹ́ ti bàjẹ́, kó pa gbogbo ẹ̀rọ kí wàrà má bàa bàjẹ́. Kẹfà ò ṣẹ̀ rárá. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe.

Mo pa ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Mo kọ òmíràn: kí kánẹ́lì jí ẹni tó ti ń dúró tipẹ́ jù. Ẹni tó bá sì ti gbà, ẹ̀yìn ìlà ni kó padà sí. Kò ju ìlà mẹ́rin lọ.

Ọ̀gá mi wá dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ka èyí tí mo pa rẹ́. "Ta ló ní kí o fún àgbà ṣáájú?"

"Kò sẹ́ni tó ní bẹ́ẹ̀, mà. Ìwé ò sọ nǹkan kan níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé ni mo kọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n fi ọwọ́ di tábìlì mú. Nígbà tó tán, ojú wọn yí padà. Wọ́n ní, "Ìyá mi ṣubú nínú ìlà lọ́jọ́ kan. Kò sí ẹnì kan tó ní kí wọ́n bọ́ síwájú. Olúkúlùkù ń dúró de tirẹ̀." Wọ́n nu ojú wọn. "Má ju ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé nù o. Ṣáà má fi sínú kánẹ́lì."

Lọ́jọ́rú a padà sílé wàrà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé, mo di etí mi. Kò sí agogo. Wákàtí kan. Wákàtí mẹ́ta. Ọ̀gá àwọn oníwàrà gbé ìgò wàrà tútù kan fún mi, ó ní tuntun nìyẹn, ti kánẹ́lì mi. Èmi tí inú mi kì í gba wàrà, mo mu ún tán. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọ̀gá mi fi lẹ́tà kan sórí tábìlì mi: wọ́n ti gbà mí pátápátá. Mo kúnlẹ̀ fún wọn láàárín ọ́fíìsì, orúnkún méjèèjì, ó tán. Kò sí ẹni tó bú mi.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó le jù ṣì kù. Mo pe Bàbá ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, àwọn nìkan.

Mo fún wọn ní ìròyìn ayọ̀, wọ́n gbàdúrà gígùn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, sà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ jẹ́ kí Mọ́yọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

"Kí Ìyá Òkè tó sọ̀rọ̀?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀ nìyẹn?"

Mo rò pé mo ti bà á jẹ́. N ò mọ ohun tí mo lè sọ ju òótọ́ lọ, ni mo bá ròyìn prógíráàmù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún wọn, bí mo ṣe fún àgbà ṣáájú, bí ilé wàrà ṣe kú lẹ́ẹ̀mẹta. Olùkọ́ ìṣirò ò lè gbọ́ irú ẹ̀ kó dákẹ́. Wọ́n ní, "Dúró ná. Tí àgbà bá ti gba tiẹ̀ tán, ibo ló ń padà sí nínú ìlà?"

"Iwájú, sà."

"Kẹfà ò lè gba nǹkan kan láé nìyẹn! Kódà kó dúró di ọ̀la."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mo ń gbọ́ adìyẹ wa lẹ́yìn wọn. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti rọ̀. "Ọmọ yẹn ní ìwé kékeré kan tó máa ń gbé dání lọ sórí òkúta. Mo rò pé iṣẹ́ àṣetiléwá ni." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Jẹ́ kí Ọjọ́ Ìsinmi dé."

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Mo tẹ nọ́ńbà náà. Ohùn tó kọ́kọ́ jáde tín-ínrín.

"Ẹ kú ọ̀sán, mà."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo gbọ́ Ìyá Òkè: "Ta ló ń sọ̀rọ̀ ṣíwájú mi níbẹ̀ yẹn?" Bàbá sì dá wọn lóhùn pé, "Ẹ fọwọ́ wọ́nú, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti pẹ́ tó ti débẹ̀."

Mo ní, "Mọ́yọ̀, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ sọ fún mi?"

Mo gbọ́ tó ń ṣí ìwé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á látòkè, pẹ̀lú ohùn ọmọ tó dìde nínú kíláàsì. "Eyín mi ti ń mì." Ó bọ́ sí ìlà tó tẹ̀lé e. "Eyín mi ti yọ. Màmá àgbà sọ ọ́ sórí òrùlé." Ó ṣí ojú ìwé. "Eyín mi tuntun ti ń yọjú. Ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Ó ní, "Ẹ sọ pé kí eyín iwájú mi tó yọ, mà."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo pẹ́, Mọ́yọ̀. Má bínú sí mi. Ìwé iṣẹ́ mi ti jáde, mo máa ránṣẹ́ wá mú ọ."

Ó rò ó. "Kò burú, mà. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò tíì mì."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, n ò mọ èwo ni mò ń ṣe. Mo ní, "Ó ku mélòó nínú ìwé náà?"

"Ó ṣì kù púpọ̀, mà. Ṣé kí n gbé fóònù fún Ìyá Òkè ni?"

"Rárá," ni mo wí. "Ìwọ ni mò ń gbọ́. Máa kà á lọ."